Pọ́ọ̀n ẹ̀yìn oní-41 sí 9 lábẹ́ ọkọ̀ bàṣé mi: ohun tí mo rí láàárín oṣù 14 ní Kétu

Ọkọ̀ bàṣé (píkọ́ọ̀pù) Toyota Hilux ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ẹ́ńjìnì oní-lítà 2.8 tí ń mu gasọ́ọ̀lì, tí Toyota pe orúkọ rẹ̀ ní 3L, ni ó wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ó sì fi ń wọ́ ẹrù. Àgbàdo àti gàrí ni mo ń kó jù lọ, láti oko apá Ìdígní wá sí Kétu, àti láti Kétu gba Pọ̀bẹ́ àti Sakété lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìyẹn nǹkan bíi 100 kìlómítà. Oṣù 14 rèé tí mo ti yọ eyín inú pọ́ọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀, tí mo sì fi òmíràn tí iye eyín rẹ̀ yàtọ̀ rọ́pò rẹ̀. Owó tí mo ná sí i kò kéré, mo sì ṣe àṣìṣe kan tí ó sọ owó náà di púpọ̀ sí i, èyí tí mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń gbèrò irú rẹ̀ mọ̀ kí ó tó na ọwọ́ sí àpò.

Pọ́ọ̀n ẹ̀yìn yìí ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní áásù ẹ̀yìn. Irin eléyín méjì ni ó ṣe kókó nínú rẹ̀: píníọ̀n kékeré tí ó wà ní ẹnu ọ̀pá gígùn tí ó ti ìdí gíábọ́ọ̀sì wá, àti kọ̀rọ́ọ̀nù ńlá tí píníọ̀n náà ń yí, tí í sì í yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí a bá fi iye eyín kékeré pín iye eyín ńlá, a ó mọ iye ìgbà tí ọ̀pá gígùn gbọ́dọ̀ yí kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ mi tẹ́lẹ̀ jẹ́ 43 sí 11, ìyẹn 3.909. Èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ 41 sí 9, ìyẹn 4.556. Bí nọ́ḿbà yìí bá ṣe ń ga sí i ni ọkọ̀ ṣe ń lágbára sí i láti fa ẹrù, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì yóò máa yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ọkọ̀ tó sá eré kan náà.

Ohun tí ó sún mi dé ìdí rẹ̀ ni pé, bí mo bá di àpò àgbàdo 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn 100 kílò, ọkọ̀ náà kì í lè dúró lórí jíà kẹrin. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà, mo ti ọkọ̀ títí ó fi yí lẹ́ẹ̀kan, mo wọn ilẹ̀ tí ó gbà, ó sì jẹ́ mítà 2.10. Ọkọ̀ tí ó bá ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba 1000 mítà ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé táyà mi ń yí ní ìgbà 476. Lórí jíà kẹrin, níbi tí ẹ́ńjìnì àti ọ̀pá gígùn ti ń yí bákan náà, eyín àtijọ́ ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yí ní ìgbà 1860 péré, nígbà tí 41 sí 9 gbé e dé 2170. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ohùn ẹ́ńjìnì 3L yóò gbà pé, bí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kò fẹ́ kí a wọ́ ọ nísàlẹ̀ 2000. Yóò máa kérora, èéfín dúdú yóò sì máa jáde. Mo gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé ìṣirò kékeré yìí ni ó yẹ kí gbogbo onímọ́tò ṣe kí ó tó lọ bá ẹni tí ń ta irin.

Àṣìṣe mi nìyí. Mo lọ sí Àjàṣẹ́, mo rí odindi orí pọ́ọ̀n tókúnbọ̀ tí eyín méjèèjì ti wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó ń tà á ní 41 sí 9 ni. Mo ka eyín ńlá fúnra mi, ó pé 41, mo sanwó. Nígbà tí a dè é tán, àyípadà tí mo rí kò tó ohun tí ìṣirò mi sọ rárá. Bàbá mẹ́káníkì tí ń tún ọkọ̀ mi ṣe bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé o ka ti kékeré?” Mo ní, “Rárá, Bàbá, ti ńlá nìkan ni mo kà.” Wọ́n gbé ìdí ọkọ̀ sókè, wọ́n ní kí ọmọṣẹ́ di táyà ọ̀tún mú kí ó má baà yí, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ọ̀pá gígùn, wọ́n wá rọra yí táyà òsì ní ìgbà méjì gééré. Èmi ni mo wà nílẹ̀ tí mo ń ka ìlà náà bí ó ti ń kọjá: ó yí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó sì lé díẹ̀ ṣín-ń-ṣín. 41 sí 9 ì bá ti yí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin àti ààbọ̀. 41 sí 10 ni mo rà, ìyẹn 4.1, nítorí pé 41 ni eyín ńlá àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó tà á fún mi kò gbà á padà. Nígbà tí mo rí òmíràn, mo fi aṣọ nu píníọ̀n rẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì sí eyín àkọ́kọ́, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sọ̀rọ̀ owó. Ó dára kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé àmì kan wà lára páálí irin tí Toyota lẹ̀ mọ́ ọkọ̀: lẹ́tà inú rẹ̀ ń sọ bí kọ̀rọ́ọ̀nù ṣe tóbi tó, nọ́ḿbà rẹ̀ sì ń sọ iye ìyípo. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti pààrọ̀ pọ́ọ̀n náà rí, páálí kò ní sọ fún yín.

Láti ìgbà tí èyí tí ó tọ́ ti wọlé, ọkọ̀ náà ti di ọkọ̀ mìíràn lójú mi. Ní ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò, níbi tí mo ti máa ń di kílọ́ọ̀ṣì mú títí òórùn jíjóná yóò fi kún inú ọkọ̀, ó ń gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́. Òkè tí a ń gùn jáde kúrò nínú kòtò ilẹ̀ amọ̀ tí ó wà láàárín Pọ̀bẹ́ àti Kétu, tí mo ti máa ń wá sí jíà kejì, jíà kẹta ni mo fi ń gùn ún báyìí. Bí mo bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, ẹ́ńjìnì ń di ọkọ̀ mú dáadáa, n kì í tẹ bíréèkì tó ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, nígbà tí mo bá ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ láìsí ẹrù, ariwo ẹ́ńjìnì pọ̀, n kò sì fẹ́ràn láti kọjá 90. Gasọ́ọ̀lì tí mo ń lò fún àlọ àti àbọ̀ Àjàṣẹ́ ti kúrò ní nǹkan bíi lítà 24, ó ti ń sún mọ́ 26. Ní ọ̀nà oko, kò pọ̀ sí i. Aago eré pẹ̀lú ti ń sọ àsọdùn, nítorí inú gíábọ́ọ̀sì ni wáyà rẹ̀ ti ń jáde: bí mo bá ń sá 80 ní tòótọ́, ó ń kà á ní 93. Aago tí ń ka kìlómítà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá fi ṣírò epo rẹ̀ yóò rò pé òun ń jèrè, bẹ́ẹ̀ kìlómítà tí kò rìn ni ó ń kà.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé Àjàṣẹ́ sí Kétu lórí ọ̀dà nìkan ni mo ń ná, 41 sí 10 ni mo máa yàn, n kò ní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti gbé táyà ńlá sí ọkọ̀ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ìyẹn ná: táyà tí ń gba mítà 2.30 dípò 2.10 ń sọ 3.909 di bíi 3.57, ó sì lè jẹ́ pé táyà náà ni ó ń jẹ agbára ọkọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́ kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ti ẹ̀yìn láìpààrọ̀ ti iwájú sí iye kan náà, torí pé iwájú àti ẹ̀yìn yóò máa bá ara wọn jà, irin yóò sì fọ́.

Odindi orí pọ́ọ̀n ni mo gba ẹlẹ́gbẹ́ mi níyànjú láti rà, kì í ṣe kọ̀rọ́ọ̀nù àti píníọ̀n lásán, nítorí àlàfo tí eyín méjèèjì fi ń fara kan ara wọn kò tó ìdá márùn-ún mìlímítà kan, ó sì nílò irinṣẹ́ ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ garáàjì wa kò ní. Lẹ́yìn 1000 kìlómítà ni mo da epo inú rẹ̀ nù, tí mo rọ 80W-90 GL-5 tuntun sí i, kò sì tíì hu tàbí jo títí di òní. Eyín 43 sí 11 àtijọ́ wà nínú àpótí nílé, mo fi gírísì pa á lára, mo sì fi ọ̀rá dì í. Bí mo bá fi ọ̀nà oko sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, n óò wọn bí iṣẹ́ mi yóò ṣe rí nígbà náà kí n tó mọ̀ bóyá òun ni n óò dá padà tàbí 41 sí 10 tí mo fi àṣìṣe rà.