Ṣọ́ọ̀bù Aṣọ Ẹbí Kan ní Ọjà-Ọba, Ìlọrin: Iṣẹ́ Wọn Mọ́, Àmọ́ Kí Wọ́n Yí Ọ̀nà Tí Wọ́n Ń Gbà Gbowó Padà

Bí ìnáwó bá ti ń bọ̀, ẹni tí kò bá ra aǹkóò máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ṣọ́ọ̀bù yìí yẹ̀ wò: àwọn ló ń bá onínàáwó ra aṣọ, àwọn náà ló ń rán an, àwọn náà ló sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹbí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ra gbogbo aṣọ ìnáwó kan, lọ́wọ́ ọlọ́jà kan náà. Aṣọ tí a bá rà lẹ́ẹ̀mejì kì í sábà bára mu. Àwọ̀ ọ̀kan á pọ́n ju èkejì lọ, á sì hàn kedere bí ẹbí bá tò fún fọ́tò. Yáàdì márùn-ún ni lẹ́ẹ̀sì obìnrin, mẹ́fà ni ańkárá. Bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin ń gba mẹ́rin. Bí agbádá bá kún un, ó lè tó mẹ́wàá. Wọ́n ń rẹ ańkárá sómi kí wọ́n tó gé e, kó má baà súnkì lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tápá rẹ̀ kò ká lẹ́ẹ̀sì lè ra gèlè tàbí fìlà nìkan.

Ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa jù ni sítáì. Oníkálukú ni wọ́n ń wọ̀n, tí wọ́n sì ń bi léèrè ohun tó fẹ́. Ní Ìlọrin, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Obìnrin tó ń lo híjáàbù ní ẹbí tó fẹ́ bá dọ́gba, ó ní ìlànà ẹ̀sìn, ó sì ní ohun tọ́kàn tirẹ̀ ń fẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í fìgbà gbogbo fẹnu kò. Wọ́n á fa apá bùbá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, wọ́n á wá ṣífọ́ọ̀nù yáàdì méjì tó bá àwọ̀ aṣọ mu fún ìbòrí dípò gèlè. Lẹ́ẹ̀sì ń fi ara hàn, ọ̀pọ̀ aránṣọ sì ń fi láínìn sí àyà àti ẹ̀yìn nìkan. Ẹ tètè sọ fún wọn pé kí láínìn dé apá, torí ó ṣòro láti fi sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán an tán.

Ohun tí a kò fara mọ́ ni ìwé orúkọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sórí WhatsApp ẹbí, pẹ̀lú àmì pupa níwájú ẹni tí kò tíì sanwó. Kò sẹ́ni tó fi ẹgba na ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ èèyàn á lọ yáwó. Irú ipá yìí ni John Stuart Mill, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé tako ní 1859. Ó ní ojú ayé lè ni èèyàn lára ju òfin ìjọba lọ, torí ọ̀nà àtibọ́ níbẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ a kò lè torí Mill sọ pé kí aṣọ ẹbí kásẹ̀ nílẹ̀. Kwame Gyekye, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Gánà, ló bá ọ̀rọ̀ wa mu jù: inú àwùjọ la bí èèyàn sí, ó sì ní ojúṣe sí i, ṣùgbọ́n ó ní làákàyè tó lè fi yẹ àṣà wò, kó sì kọ èyí tí kò tọ́. Àwa náà tó ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwa náà la ní kálukú ló kúnlẹ̀ yan orí tirẹ̀. Aṣọ yìí kò jẹ̀bi lójú wa. Ìwé orúkọ yẹn ló jẹ̀bi.

Wọ́n ń gbà láti pe aláìsanwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí onínàáwó bá sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ sọ ọ́. Ẹ san ìdajì owó ní oṣù méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ sì ra yáàdì mẹ́wàá ní àfikún. Àwọn kan tó ti ní àwọn kò rà máa ń padà wá bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọ̀ yẹn sì lè má sí lọ́jà mọ́.