Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn fún òtútù ìta: ohun tí mo rí lára rẹ̀ àti bí mo ṣe ń tún un ṣe

Ìta ni iṣẹ́ mi wà, láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ tó tutù àti koríko tí ìrì ti rin gbingbin. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ti gan lọ́wọ́ òtútù, kò sí iṣẹ́ tó dùn-ún ṣe mọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fọwọ́ kékeré mú ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Mo ti wọ èyí tí wọ́n fi òwú hun, mo ti wọ ti náílọ́ọ̀nù, mo ti wọ méjì léra wọn. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni mo wá fàbọ̀ sí, pàápàá èyí tí wọ́n fi irun merino hun, ìyẹn oríṣi àgùntàn kan tí irun rẹ̀ tín-ín-rín tó sì rọ̀.

Òwú ń mu omi, ó sì ń gbé e dání. Bí òógùn bá ti rin ín, á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ típẹ́típẹ́, òtútù á sì ríbi wọlé. Irun àgùntàn ní tirẹ̀ lè gba ọ̀rinrin tó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ara tó mọ̀ pé ó ti tutù. Irun náà tún ká kọ́lọkọ̀lọ, afẹ́fẹ́ a máa há sáàárín rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó há yẹn ló ń dá ooru ẹsẹ̀ dúró. Òórùn pàápàá kì í tètè mú un. Ní ti ohun táwọn kan máa ń sọ pé irun àgùntàn ń yúnni lára, irun tó bá nípọn ju micron 30 lọ (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) ló sábà máa ń gún awọ bẹ́ẹ̀. Merino kì í sábà kọjá 24, mi ò kì í mọ̀ ọ́n lára rárá.

Tí ẹ bá ń rà á, ẹ má fi iwájú páálí dájọ́. Ilé iṣẹ́ kan kọ "irun àgùntàn" gàdàgbà síwájú tiẹ̀. Nígbà tí mo yí i padà, irun àgùntàn inú rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú 100, acrylic, ìyẹn okùn àtọwọ́dá, ló kó èyí tó pọ̀ jù. Inú bí mi gan-an, torí ẹni tó fẹ́ lọ dúró sínú òtútù ni wọ́n ń tàn jẹ. Èyí tó bá mi lára mu jù ni èyí tí irun àgùntàn kó nǹkan bí ìdá 60 sí 75, tí náílọ́ọ̀nù kó ìyókù, pẹ̀lú okùn rọ́bà díẹ̀ kó má baà yọ̀ sísàlẹ̀. Àwọn kan máa ń wá èyí tó jẹ́ irun àgùntàn pọ́ńbélé. Ó móoru lóòótọ́, àmọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ tètè ń jẹ, torí náílọ́ọ̀nù ló ń bá a fara da bàtà tó ń ha á.

Mo máa ń yí inú ìbọ̀sẹ̀ síta kí n tó sanwó. Àwọn okùn róbótó kéékèèké, irú èyí tó wà lára aṣọ ìnura, ni mò ń wá lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ àti ní gìgísẹ̀. Tí wọ́n bá sún mọ́ra débi pé mi ò rí ìdí aṣọ, ó dára nìyẹn. Ojú ìránpọ̀ tó wà níbi ọmọ ìka gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ sì fi bàtà yín wọ̀n ọ́n: ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn nínú bàtà tó há kò wúlò, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè rìn dáadáa dé ọmọ ìka, òtútù á tún wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ Darn Tough tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ ní Vermont, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣèlérí pé àwọn á pààrọ̀ tiwọn tó bá já, láìka iye ọdún tẹ́nì kan ti lò ó sí. Ó wù mí kí àwọn yòókù náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, títún un ṣe ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn ṣeé tún ṣe dáadáa.

Lẹ́yìn gbogbo fífọ̀, mo máa ń ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, màá nà án síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Gìgísẹ̀ kì í ṣàdédé lu. Irun àgùntàn ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ tán, á wá ku okùn náílọ́ọ̀nù nìkan, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó ń dán, tí ẹ lè rí àtẹ́lẹwọ́ yín gba inú rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí abẹ́rẹ́ jáde. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Níbi tó ti fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, mo kàn máa ń fi òwú tuntun tọ ipa ojú híhun àtijọ́ ni, ojú kan lẹ́yìn òmíràn, títí yóò fi nípọn padà.

Tó bá ti lu, iṣẹ́ pọ̀ sí i. Òwú ìhunbọ̀sẹ̀ tó ní irun àgùntàn ìdá 75 àti náílọ́ọ̀nù ìdá 25 ni mò ń lò, èyí tí kò nípọn ju ìbọ̀sẹ̀ náà lọ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú. Mo máa ń ki nǹkan líle tó dán sínú gìgísẹ̀, bọ́ọ̀lù kékeré tó gan-an, láìna aṣọ náà jù. Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ létí ihò, nítorí etí yẹn ti kú. Ibi tó ṣì lágbára, bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí i, ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Màá fa òwú lóròó, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, màá sì dẹ ẹ́ díẹ̀ níbi tí mo bá ti ń yí padà, torí òwú tuntun máa ń sún kì tó bá rí omi. Lẹ́yìn náà ni màá wá fi òmíràn hun ún ní ìbú, tó bá gba orí ọ̀kan, a gba abẹ́ èkejì. Mi ò kì í ta á ní kókó, mi ò sì kì í fa etí ihò pọ̀ rán. Méjèèjì ló lè mú kí gìgísẹ̀ bó. Ojú ibẹ̀ á kọ́kọ́ nípọn lẹ́sẹ̀, àmọ́ bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ ni òwú náà á máa dì mọ́ra, títí a ò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Fífọ̀ rẹ̀ kò le. Omi tí kò ju 30°C lọ ló fẹ́, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ má ha á. Ooru àti híha ló ń mú kí ìpẹ́ ara irun náà kọ́ ara wọn, ìbọ̀sẹ̀ àgbàlagbà á wá di tọmọdé. Ẹ má fi bílíìsì kàn án, jíjẹ ló máa jẹ ẹ́. Kí ẹ tó kó o pamọ́, ẹ rí i pé ó mọ́ tónítóní, torí ọmọ àfòpiná, èyí tó dà bí ìdin, ló ń jẹ irun yìí, ibi tí òógùn ti gbẹ ló sì fẹ́ràn jù.

Tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́ tán látòkè délẹ̀, tàbí tí rọ́bà ọrùn rẹ̀ ti kú, mi ò kì í fi òwú ṣòfò lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ra ju ẹyọ méjì lọ, aláwọ̀ kan náà, oríṣi kan náà: bí ọ̀kan bá kọjá àtúnṣe, ìkejì rẹ̀ á rí òmíràn bá rìn.