Rìpítà àjọlò: òfin pọ̀ fún àwa tó ń sọ̀rọ̀, kò sí fún ẹni tó yẹ kó gbé fóònù

N kì í kọ àgbéyẹ̀wò. Tí nǹkan bá dáa, mo máa ń lò ó; tí kò bá dáa, mo máa ń pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ fún mi lórí fóònù pé kí n lọ kọ ẹ̀sùn mi sínú ìwé, nígbà tí ọmọlọ́mọ jókòó sẹ́yìn òkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ rírọ́, òun ló fi bírò lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo wọkí-tọkí mọ ohun tí rìpítà ń ṣe: orí òpó ló ti ń gba ohùn rédíò kéékèèké, tó sì ń tún un sọ jáde kó lè dé ọ̀nà jíjìn. N kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Èyí tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ mẹ́rin ló jọ ń lò ó, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní tóònù CTCSS tirẹ̀, ìyẹn ohùn jẹ́jẹ́ tó ń bá ọ̀rọ̀ rìn, tí a kì í gbọ́, tí rédíò fi ń dá ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Tiwa jẹ́ 100.0 Hz. Torí tóònù yìí, rédíò wa kì í dún rárá nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù bá ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: o ò gbọ́ ẹnikẹ́ni, o rò pé ojú ọ̀nà ṣófo, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ń rojọ́ lọ ràì lórí ìkànnì kan náà. Òfin kìíní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó rìpítà náà ni pé kí o wo iná orí rédíò, tàbí kí o tẹ bọ́tìnì Monitor, èyí tó ń jẹ́ kí o gbọ́ gbogbo ohun tó wà lórí ìkànnì láìka tóònù sí, kí o tó la ẹnu. Òfin kejì ni pé kí wọ́n ṣe ìdènà sínú gbogbo rédíò, tí kò ní jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá wà lórí ìkànnì. Mo fara mọ́ méjèèjì nígbà tí mo kà wọ́n. Mo ṣì fara mọ́ ti àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí, àwa là ń bójú tó eré ìje orí òkè kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa dúró sẹ́yìn òkè níbi tí fóònù kì í ti í wọlé. Tìtorí irú ibẹ̀ la ṣe ń sanwó rìpítà. Ọ̀kan nínú àwọn sárésáré ṣubú lọ́dọ̀ rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, ó ń ké. Ọmọ wa tẹ rédíò: píì! Ó tún un tẹ̀: píì! Rédíò yarí, ó ní èèyàn wà lójú ọ̀nà. Ta lèèyàn ọ̀hún? Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ mìíràn ló ju àpò lé wọkí-tọkí tirẹ̀ nínú mọ́tò, bọ́tìnì wọlé, kò sì jáde mọ́. Èmi tí mo wà nísàlẹ̀ tẹ Monitor, mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò, mo gbọ́ orin, mo gbọ́ ẹni tó ń fi ìfé gbè é.

Rìpítà ní táímà tirẹ̀ lóòótọ́: tí ẹnì kan bá di bọ́tìnì mú fún ìṣẹ́jú 3, á gé e. Ó sì gé e. Àmọ́ rìpítà ló panu mọ́, rédíò abẹ́ àpò kò panu mọ́. Ìgbì rẹ̀ ṣì ń lu etí rìpítà, bẹ́ẹ̀ lórí FM, irú ìgbì tí rédíò wa ń lò, ẹni tí ìgbì rẹ̀ bá lágbára jù ni rìpítà máa ń gbọ́. Ọmọ wa tó wà lẹ́yìn òkè, pẹ̀lú rédíò wáàtì 5 àti áńtẹ́nà tí kò gùn ju ìka lọ, kò lè borí mọ́tò tó wà nítòsí òpó.

Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì tó wà lójú ewé kìíní ìwé òfin. Ó dún títí ó fi gé. Mo tún pè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e, ó ní, "Ẹ káàsán mà. Ṣé ẹ tẹ Monitor kí ẹ tó sọ̀rọ̀?"

Mo ní mo tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń súfèé ni mo sì gbọ́. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó wo tóònù tó ń wọlé lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó pe olórí ẹgbẹ́ tó ni ín, kí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rédíò.

"Mà, òfin ò gbà ká tú àṣírí ẹgbẹ́ kan fún ẹgbẹ́ mìíràn."

"Mi ò ní kí o dárúkọ wọn fún mi. Pè wọ́n ni mo wí."

"Alága nìkan ló lè pè wọ́n, mà. Alága sì wà nípàdé. Òfin kẹsàn-án ní kí ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́."

Mo bi í bóyá ẹsẹ̀ ọmọlọ́mọ yóò dúró de ìpàdé. Ó ní, "Ẹ má bínú mà." Ẹ má bínú yẹn ló bí mi nínú jù lọ.

Ọmọ wa ló gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó gun orí òkè, ó yí rédíò sí ọ̀rọ̀ tààrà, láti rédíò sí rédíò láìgba ọ̀dọ̀ rìpítà, a sì gbọ́ ọ ketekete. Àwọn olùtọ́jú dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ rírọ́ náà ni, kò dá. Ọgbọ́n yìí wà nínú ìwé òfin wọn o, lójú ewé tó kẹ́yìn, ní lẹ́tà wíntín wíntín, lábẹ́ "bí rìpítà bá kú". Kí ni wọ́n ń fi pa mọ́ síbẹ̀ fún?

Mo ti ń kó ẹgbẹ́ wa kúrò lórí rìpítà náà nígbà tí onímọ̀ ẹ̀rọ wọn, àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, wá bá wa níbi ìdánrawò. Kò fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní ká kó gbogbo rédíò sórí tábìlì, ó so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi táímà ìṣẹ́jú 1 sínú wọn: tí bọ́tìnì bá di títẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, rédíò fúnra rẹ̀ á dákẹ́, kò ní dúró de rìpítà. Ó ní òun ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn mẹ́ta yòókù, àwọn alápò ló sì kọ́kọ́ ṣe. Kò dárúkọ wọn. Ó tún yọ ìdènà òfin kejì kúrò nínú rédíò àwọn olùtọ́jú, kí tiwọn lè sọ̀rọ̀ bí ẹlòmíràn tilẹ̀ wà lórí ìkànnì.

Lẹ́yìn náà ló fi nǹkan kan hàn wá tí ń kò ní gbàgbé. Ó ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tẹ bọ́tìnì, kó sì sọ "Má sọdá!" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó jáde nínú rédíò kejì ni: "Sọdá!" Gbogbo wa wo ara wa lójú. Ó ní rìpítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá tóònù mọ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn, ohunkóhun tí o bá sì sọ kó tó ṣí, ìta ló kù sí. Nínú èdè tiwa, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sì ni "má" máa ń wà. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ mí, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀." Ìwé òfin ní "dúró díẹ̀ lẹ́yìn títẹ̀", kò sọ ìdí, kò sì sí ọmọdé kan tó ń ka irú òfin bẹ́ẹ̀ sí.

Ká sọ òótọ́, àwọn ìlànà yòókù mọ́gbọ́n dání. Kí o fi àlàfo sílẹ̀ kí o tó dá ẹnìkejì lóhùn, kí ẹni tó ní pàjáwìrì lè já wọlé. Kí o má kàn máa tẹ̀ ẹ́ jù ú sílẹ̀ láìsọ ẹni tí o jẹ́. Tí ẹ bá lè gbọ́ ara yín tààrà, ẹ fi rìpítà sílẹ̀ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ohùn rìpítà náà mọ́, iná lọ lẹ́ẹ̀kan tí à ń lò ó lọ́wọ́, bátìrì gbé e láìgé ọ̀rọ̀ kankan mọ́ wa lẹ́nu, kò sì sí òmíràn tó ń dé ẹ̀yìn òkè yẹn.

Mo kọ ẹ̀sùn náà bí òfin kẹsàn-án ṣe wí. Èsì tó dé ni pé wọ́n ti rí ìwé mi gbà. Mo ní kí wọ́n fún ẹni tó di nọ́ńbà pàjáwìrì mú láṣẹ láti pe ẹgbẹ́ yòówù tí bọ́tìnì rẹ̀ bá há. Ìgbìmọ̀ ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n fún mi ní nọ́ńbà tirẹ̀ ní kọ́lọ́fín, èyí tí òfin kò gbà.

Máàkì tí mo fún wọn: 2 nínú 5. A ti san owó ọdún tó ń bọ̀.