Àpótí ìkun-èékánná tí mo rà ní Dùgbẹ̀: búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dáa, jẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ́

Tó bá jẹ́ torí jẹ́ẹ̀lì inú àpótí yìí, irú kútẹ́ẹ̀sì tí iná lámpù ń mú le, lẹ ṣe fẹ́ rà á, ẹ fi owó yín sápò. Tó bá jẹ́ torí búrọ́ọ̀ṣì àti àwọn irinṣẹ́ wẹ́wẹ́ ni, ó tó rà, tí wọ́n bá gbà á sí iye tó dáa. Mo tètè sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ò ní ní sùúrù láti ka gbogbo àlàyé mi nípa bí mo ṣe ń ya àwòrán àdìrẹ sórí èékánná, bẹ́ẹ̀ àdìrẹ yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ ọ́.

Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta wíìgì àti èròjà ìṣaralóge. ₦28,000 ló pè é, a ná an títí ó fi gbà á sí ₦24,000. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni lámpù kékeré tó ń lo okùn USB, ìgò jẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, base coat tí wọ́n ń kùn sísàlẹ̀ àti top coat tí wọ́n fi ń bo òkè, fáìlì, búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, àwọn ọ̀pá olórí roboto tí wọ́n fi ń tọ́ àmì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí àti òǹtẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú press-on, ìyẹn èékánná àtọwọ́dá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí kò ní àwọ̀. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC lára páálí náà, wọn ò sì kọ ohun tí wọ́n fi ṣe jẹ́ẹ̀lì yẹn síbì kankan. Mo rí ìyẹn kí n tó sanwó, mo sì ti pinnu níbẹ̀ pé jẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ ò ní kan èékánná ara mi.

Àwọn tó ń ṣe èékánná ní Bódìjà á gba ₦12,000 fún jẹ́ẹ̀lì tó ní àwòrán lórí. Ní àdúgbò tiwa ní Sáńgo, ẹ lè rí ₦7,000. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ló lé mi dé ìdí ṣíṣe é nílé. Mùsùlùmí ni mí. Jẹ́ẹ̀lì máa ń bo èékánná pátápátá, omi àlùwàlá ò ní kàn án. Ìgbà tí mi ò bá kírun nìkan ni mo lè fi sọ́wọ́, ọjọ́ yẹn ò sì pọ̀ tó ohun tí èèyàn ń san ₦12,000 fún. Lááli làwọn ìyá wa ń lò, torí pé ńṣe ni àwọ̀ rẹ̀ ń wọ inú èékánná, kì í bò ó. Àmọ́ ta ló lè fi lááli ya ilà funfun sórí búlúù?

Press-on ló kù. Ẹ ya ohun tó bá wù yín sórí ẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù olójú méjì lẹ̀ ẹ́ lọ sóde ìnáwó, ẹ sì ṣí i kí àsìkò Aláàsárì tó tó. Gúlúù kì í ṣí bọ̀rọ̀, gọ́ọ̀mù ni kí ẹ lò tẹ́ ẹ bá ní irú ìdí tèmi yìí. Press-on sì tún yanjú wàhálà kejì. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń ṣe nǹkan, nítorí náà ọwọ́ òsì mi máa ń dára gan-an, ti ọ̀tún á wá dà bí iṣẹ́ ọmọ jẹ́léósinmi. Tó bá jẹ́ press-on, mo máa lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọmọrí ìgò omi, máa fi ọwọ́ òsì di ọmọrí yẹn mú, máa sì fi ọ̀tún ya gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Wọn á dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lámpù. Wọ́n kọ 48W gàdàgbà sí i lára. Ṣájà tó sì fẹ́ gbé e, fóòtì 5 àti ámpù 2 ló kọ sára. Ìlọ́po 5 lọ́nà 2, wáàtì 10 ni. Níbo ni 38 yòókù ti fẹ́ wá? Ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni 48 yẹn. Lámpù náà ń ṣiṣẹ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí wọ́n kọ sínú ìwé ìlò rẹ̀ ò tó. 90 ni mo ń fún un, àgàgà tó bá jẹ́ funfun tàbí búlúù dúdú, torí àwọ̀ tó bá ki máa ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà kí ó má baà dé ìsàlẹ̀. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn ní ti lámpù yìí ni pé power bank ń gbé e. Iná lè lọ nígbà tó bá wù ú, èmi ṣì ń bá iṣẹ́ lọ.

Jẹ́ẹ̀lì tí kò jinná dáadáa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Òkè rẹ̀ á ti le, abẹ́ rẹ̀ á ṣì tutù, tí omi yẹn bá sì ń kan awọ ara lóòrèkóòrè, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́: ìyún, pípọ́n, awọ ìka á máa bó. HEMA ni wọ́n ń pe èyí tó sábà ń fà á nínú àwọn èròjà rẹ̀. Nǹkan tó sì burú níbẹ̀ ni pé tí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà gbà á mọ́, ẹbí èròjà kan náà yìí sì ni àwọn oníṣègùn eyín ń lò tí wọ́n bá fẹ́ dí eyín. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ti sọ pé àwọn tó kọ́ṣẹ́ nìkan ni kí wọ́n máa lo jẹ́ẹ̀lì èékánná tó ní HEMA nínú, wọ́n sì fòfin de èròjà mìíràn tó ń jẹ́ TPO, tó ń jẹ́ kí jẹ́ẹ̀lì le lábẹ́ iná, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Àwa ń rà á lórí àtẹ ní Dùgbẹ̀ láàárín wíìgì. Ìdí rèé tí mo fi ń wọ ìbọ̀wọ́ tí mo bá ń kùn ún, kódà sórí press-on. Ẹ tún má gbé ìgò tàbí búrọ́ọ̀ṣì yín sí ojú fèrèsé. Oòrùn Ìbàdàn náà ní ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jẹ́ẹ̀lì le, búrọ́ọ̀ṣì tó bá gan síbẹ̀ ti di igi nìyẹn.

Àwọn búrọ́ọ̀ṣì wá ńkọ́? Àwọn gan-an ló mú mi kọ gbogbo èyí. Irun wọn gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í là sí méjì lẹ́nu. Mo ní aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí mo jogún, Ìbàdàndùn ni wọ́n ń pe àwòrán orí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ti mọ̀ pé òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú ẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ sórí òkè ní àwọn ọdún 1920 yẹn. Àwọn tó ń ṣe é nígbà náà á fi ìyẹ́ adìyẹ tọ ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ, wọ́n á rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà ò ní gba aró, á funfun tàbí kó ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Lórí èékánná, òdì kejì ni mo ń ṣe: búlúù dúdú ló kọ́kọ́ ń wọlẹ̀, funfun á wá gorí rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyẹn. Jẹ́ẹ̀lì funfun inú àpótí yìí ṣàn jù. Ẹ fa ilà kan, kẹ́ ẹ tó fa ìkejì, èkíní ti fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án tí òòrùn bá mú, ó tún burú sí i, torí jẹ́ẹ̀lì máa ń dẹ̀ tí ooru bá pọ̀. Alẹ́ ni mò ń yà á báyìí, màá sì gbé ìgò rẹ̀ sínú abọ́ omi tútù fún ìgbà díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbẹ̀yìn mo lọ ra jẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ṣe fún ilà yíyà, èyí tó ki, tó sì wà nínú ike kékeré. Ìyẹn kì í rìn. Mo máa ń fa òpó méjì tàbí mẹ́ta, kí n fi sábẹ́ iná fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí ó dúró síbi tó wà, kí n tó fa èyí tó kàn. Ilà kan ní òkè, ilà kan ní ìsàlẹ̀, òpó láàárín. Lẹ́yìn náà ni màá fi ọ̀pá olórí roboto tó kéré jù tọ́ àmì tó-tó-tó sí àyíká. Ẹ má gbìyànjú láti kó gbogbo aṣọ sórí èékánná kan. Òpó wà lórí àtàǹpàkò àti ìka òrùka, àwọn yòókù lè gba àmì roboto lásán tàbí búlúù láìsí nǹkan kan lórí.

Top coat inú àpótí náà ń dán bíi dígí, ó sì ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lórí funfun tó bá pẹ́ díẹ̀. Mo fi èyí tí kì í dán rọ́pò rẹ̀, ₦3,500 ní Bódìjà, ojú èékánná sì wá jọ aṣọ gidi. Tó bá jẹ́ irú top coat tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn tó kúrò lábẹ́ iná, kò bàjẹ́ o, afẹ́fẹ́ ni kì í jẹ́ kí òkè rẹ̀ jinná tán. Ẹ fi spíríìtì díẹ̀ nù ún.

Òǹtẹ̀ àti irin pẹlẹbẹ ò dùn mọ́ mi. Òdòdó àti labalábá ló kún ibẹ̀, wọn ò sì gbẹ́ ẹ jinlẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì lásán ni wọ́n ń lò fún un, kì í ṣe jẹ́ẹ̀lì, ó sì ní láti ki dáadáa. Ẹ pa fáànù tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kútẹ́ẹ̀sì á ti gbẹ sórí irin kí òǹtẹ̀ tó kàn án. Èmi ò lè jókòó láìsí fáànù torí labalábá.

Mo lẹ press-on tí mo ya òpó sí yìí lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan. Àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè ibi tí mo ti ṣe é. Ìyá àgbà kan tó ti ta aṣọ rí ní Gbági gba ọwọ́ mi mú, ó gbé ojú sún mọ́ ọn, ó ní, "Òpó Mápó nìyí! Ọmọ mi, ọwọ́ yìí lo fẹ́ fi ro ọkà?" Mo ní, "Rárá, mà, mo máa ṣí i." Òótọ́ sì ni. Gọ́ọ̀mù olójú méjì ò fẹ́ràn omi gbígbóná àti abọ́ fífọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní ọṣẹ díẹ̀, ẹ má fi ipá fà á, kó má baà ká ojú èékánná yín lọ. Tẹ́ ẹ bá nu ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, ẹ lè tún un lò. Èmi ń kó tèmi pamọ́ sínú ike tí wọ́n ń to oògùn sí, ìka kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀.

Ní ti owó: mo ti béèrè ní Aléṣinlóyè iye tí wọ́n ń ta àwọn nǹkan yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ₦3,000, ọ̀pá olórí roboto ₦2,500, lámpù tó jọ èyí ₦8,000, press-on tí kò ní àwọ̀ ₦2,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦16,000, ẹ ṣì ní ₦8,000 lọ́wọ́ láti ra jẹ́ẹ̀lì gidi méjì tí wọ́n kọ èròjà rẹ̀ sára. Tí ìyá Dùgbẹ̀ bá gbà á sí ₦18,000, ẹ gbé odindi àpótí. Tó bá takú, ẹ wọ mọ́tò Aléṣinlóyè.