Họ́ọ̀bù USB-C mi: kọ̀ǹpútà jí, Ethernet rẹ̀ ò jí

Láptọ́ọ̀pù mi kò ní ihò tí a lè ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀, ìdí tí mo fi ra họ́ọ̀bù USB-C yìí nìyẹn. Ihò Ethernet kan (ti wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì), HDMI kan (ti mọ́nítọ̀), USB mẹ́ta àti ibi tí ṣájà ń gbà wọlé, gbogbo rẹ̀ lára nǹkan pẹlẹbẹ tí kò kún ọwọ́. Àwòrán ń hàn ketekete lójú mọ́nítọ̀, àwọn USB náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ethernet rẹ̀ ni mo lẹ́jọ́ bá rò.

Tí kọ̀ǹpútà ò bá tíì sùn, kò sí wàhálà. Ìpàdé orí fídíò kì í já, fáìlì ńlá ń wọlé wéré. Àmọ́ kí n pa ìdérí dé fúngbà díẹ̀, kí n tún ṣí i báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn á padà dé, á sì tún lọ kí ojúewé kan tó ṣí tán. Bẹ́ẹ̀ máòsì tó wà lára họ́ọ̀bù kan náà ń rìn geere, mọ́nítọ̀ ò sì ṣe nǹkan kan.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ wáyà. Ẹ gbọ́ ná: wáyà yẹn kan náà ni mo kì bọ kọ̀ǹpútà mìíràn tó ní ihò tirẹ̀, ìyẹn sùn, ó jí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò yẹsẹ̀. Mo wo iná kékeré ẹ̀gbẹ́ ihò họ́ọ̀bù: ó kú pátápátá, ti ara router, ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì nílé, náà kú. Mo yọ wáyà, mo kì í padà, iná ò tàn. Mo wá fa họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ yọ lára láptọ́ọ̀pù, mo kì í padà, iná méjèèjì tàn. Kí ló wá kan wáyà níbẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Lójú kọ̀ǹpútà, ohun èlò USB ni ṣípù Ethernet inú họ́ọ̀bù. Windows a sì máa gé iná fún ohun USB tó bá rí pé ó jókòó láìṣe nǹkan, kí bátìrì lè pẹ́. Tí kọ̀ǹpútà bá jí, driver, ìyẹn sọ́fúwéà tó ń darí ṣípù náà, á pè é, ṣípù ò ní dáhùn. Nígbà mìíràn iná á tàn, àmọ́ àdírẹ́sì IP, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ẹ máa bá níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Kọ̀ǹpútà ló fún ara rẹ̀ nìyẹn, router ò fún un ní nǹkan kan.

Mo ṣí Device Manager, mo wá Ethernet họ́ọ̀bù náà lábẹ́ Network adapters, mo wọ Properties rẹ̀. Ní Power Management, mo yọ àmì tó wà níwájú "Allow the computer to turn off this device to save power". Ní Advanced, mo pa Energy Efficient Ethernet; lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ó lè jẹ́ Green Ethernet. Mo sì gba driver tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe ṣípù náà. Ti àkọ́kọ́ yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Tí ẹ bá gbé họ́ọ̀bù lọ sí ihò mìíràn, ẹ tún un yẹ̀ wò, torí Windows lè kà á sí ohun èlò tuntun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo TLP, sọ́fúwéà tó ń ṣọ́ bátìrì lórí Linux, ẹ kọ ID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) Ethernet họ́ọ̀bù náà sí USB_DENYLIST, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ohun USB tí kò gbọdọ̀ fi sùn.

Nísinsìnyí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bá kọ̀ǹpútà jí. Ohun kan ṣì kù tí mi ò rí oògùn rẹ̀: tí mo bá ki ṣájà bọ họ́ọ̀bù tàbí mo fà á yọ, gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ á kú, á tún tàn, títí kan Ethernet. Họ́ọ̀bù àti láptọ́ọ̀pù ló ń ṣètò iná lọ́tun. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń ki ṣájà bọ̀ báyìí.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un. Ẹni tó nílò mọ́nítọ̀ àti wáyà pọ̀ lè rà á. Ẹni tó jẹ́ wáyà nìkan ló ń wá, kó ra ádábútà USB sí Ethernet lásán, kó má fowó ra HDMI tí kò ní lò. Àmọ́ kó mọ̀ pé ádábútà náà lè sùn gbàgbé bákan náà, kó tètè yọ àmì Power Management yẹn.