Wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ sólà dáadáa, wọ́n tún ní àwọn ò mọ̀ mí rí

Ní ọjọ́ Tuesday kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo jókòó sí pálọ̀ Alhaja kan ní Challenge, n'Ìbàdàn níbí, iṣẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ti gun òrùlé, mo ti sọ̀kalẹ̀, mo ti ṣàlàyé ohun tó pa charge controller wọn, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti ara páànẹ́lì wọ bátìrì. Alhaja ní, "Ọ̀rọ̀ yín yé mi o, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́ náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ìwé yín dà?"

Mo yọ sátífíkéètì tí mo gbà nílé ẹ̀kọ́ sólà jáde nínú ọ̀rá. Wọ́n wo nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n pè é, wọ́n gbé e sí sípíkà. Ọmọbìnrin kan gbé e. Alhaja ka orúkọ mi fún un. A ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, a ò ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa."

Alhaja ò bá mi jà. Wọ́n kàn fi ìka méjì mú ìwé náà, wọ́n dá a padà fún mi bí ẹni ń dá owó ayédèrú padà. Omi tí wọ́n gbé fún mi, mi ò lè mu ún tán.

Ọdún 18 ni mo fi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, àwọn oníbàárà tó máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ wá sọ́dọ̀ mi lóṣooṣù ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Bí mo bá gbójú sókè ní àdúgbò wa, páànẹ́lì ni mò ń rí. Ìgbà tí mo rí ìkéde ilé ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 120,000 náírà, "ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fọwọ́ sí", mo ta ẹ̀rọ wẹ́dà mi kan, mo lọ san owó.

Àwa 16 la wà ní kíláàsì, àga 11 ló wà níbẹ̀. Àkàbà kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Olùkọ́ wa kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni pé ìwé tí a máa gbà níbẹ̀, ìwé pé a kọ́ṣẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ti ìjọba, kó lọ ṣe ìdánwò NEMSA, àjọ tí òfin 2015 gbé kalẹ̀ láti máa yẹ iṣẹ́ iná wò kí wọ́n sì máa fún àwọn òṣìṣẹ́ iná ní ìwé. Mo wo ẹni tó jókòó tì mí, ó wo èmi náà. Ó yẹ kí n dìde nígbà yẹn, kí n lọ gba owó mi. Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ni kò jẹ́ kí n dìde.

Ó kó wa lọ sí àgbàlá lọ́sàn-án gangan. Ó mú bíréékà AC, èyí tí wọ́n ṣe fún iná NEPA, irú tí wáyàmán kọ̀ọ̀kan ní nínú àpò, ó so ó mọ́ wáyà tó ń bọ̀ láti ara páànẹ́lì, ó so ohun tó ń fa iná mọ́ ọn, ó wá fi igi pa á. Iná kò kú. Ó ń ṣe "ṣììì" nínú bíréékà náà, àwọ̀ búlúù, títí ike rẹ̀ fi ń yọ́, kó tó sáré da tapólì bo páànẹ́lì. Ó ní iná NEPA máa ń kọjá òdo nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àyè yẹn ni bíréékà fi ń pa á; iná sólà kì í bọ́ sí òdo rárá. Mo ti fi bíréékà AC ṣe iṣẹ́ sólà méjì fún ará ilé mi kí n tó lọ kọ́ṣẹ́. Àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo lọ yọ méjèèjì.

Ọjọ́ mìíràn, ó bi wá pé charge controller tí kò gba ju fóltì 150 lọ, páànẹ́lì tó ń gbé fóltì 49.9 nígbà tí nǹkan kan ò fa iná rẹ̀, mélòó la máa tò tẹ̀léra? Mo nawọ́: "Mẹ́ta! 149.7 ni, ó wọlé." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìdájí ọyẹ́ ńkọ́?" Mi ò rí nǹkan sọ. Àṣé 25°C ni wọ́n fi wọn nọ́ńbà ẹ̀yìn páànẹ́lì. Bí òtútù bá ti ń mú un, fóltì rẹ̀ ń gun òkè. Ní ìdájí ọyẹ́ tí òtútù Ìbàdàn bá wọ ìsàlẹ̀ 20, mẹ́ta á fo 150 kọjá. Méjì lèèyàn ń tò. Mẹ́ta gan-an ni mo bá lórí òrùlé Alhaja, oṣù January sì ni tiwọn kú, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Ẹ wá gbọ́ ti ìwé. Wọ́n ní ọjọ́ tí a bá parí la máa gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ. "Ẹ má bínú sà, ó wà ní printing." "Ẹ padà wá ní Thursday sà." Nígbà tó jáde, orúkọ ìdílé mi tó ní "gb", "b" lásán ni wọ́n kọ. Orúkọ ẹlòmíì ti dé nìyẹn. Wọ́n ní kí n san 5,000 kí wọ́n tún un tẹ̀. Mo ní ta ló ṣe àṣìṣe? Ọmọbìnrin yẹn ní, "System ló ṣe é sà." Mo san án.

Láti Challenge ni mo ti gba ilé ẹ̀kọ́ náà lọ lọ́jọ́ Tuesday yẹn. Mo ní kí ọmọbìnrin yẹn tẹ orúkọ mi. Kò sí. Mo ní, "Yọ 'g' yẹn kúrò." Ó yọ ọ́, fọ́tò mi yọ gàgàrà. Ìwé ni wọ́n tún ṣe, wọn ò tún kọ̀ǹpútà ṣe! Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi pariwo. Wọ́n ní ọ̀gá wà ní mítìn. Mò ń gbọ́ bọ́ọ̀lù tẹlifíṣọ̀n láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀.

Olùkọ́ wa ló jáde, screwdriver lọ́wọ́. Kò bá wọn bẹ̀ mí. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ bá lórí òrùlé yẹn?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Mẹ́ta? Ọjọ́ wo la máa lọ?"

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun Ásárì, ó bá mi dé ilé Alhaja pẹ̀lú mítà tirẹ̀, owó ọkọ̀ tirẹ̀. Ó wọn fóltì páànẹ́lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà lójú wọn: 141. Ó ní, "Mà, páànẹ́lì gbígbóná ló ń ka báyìí. Ẹ fi ọyẹ́ kún un. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀gbọ́n yìí, òótọ́ sì ni wọ́n sọ fún yín." Mo fún un lówó ọkọ̀ padà, kò gbà á. Mo parí iṣẹ́ náà ní Thursday. Alhaja ti júwe mi fún àna wọn.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ilé ẹ̀kọ́ náà. 5,000 mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Àbúrò ìyàwó mi máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní Monday, èmi ni mo san owó rẹ̀. Mo dúró ti ọmọbìnrin yẹn nídìí kọ̀ǹpútà títí ó fi tẹ orúkọ rẹ̀ tán, mo ní kó kà á sókè fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.