Ṣé Kí N Ra Ayùn Ẹlẹ́rọ Méjì Kún Èyí Tí Mo Ní? Àgbéyẹ̀wò Stihl MS 261 Lẹ́nu Iṣẹ́ Igi Ìdáná

Iṣẹ́ igi ìdáná pọ̀ sí i lọ́wọ́ mi, àwọn tí a jọ ń ṣe é sì ti ń kùn pé ayùn kan kò tó mọ́. Wọ́n ní kí n ra méjì kún un. N kò fẹ́ kówó sílẹ̀ lórí ariwo, nítorí náà mo kọ́kọ́ wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi dáadáa: kí ló ń ṣe, kí ni kò lè ṣe, ibo gan-an ni àkókò wa ń lọ?

Stihl MS 261 C-M ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 50.2 cc, agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 3.0, ó sì wọn nǹkan bíi kílò 5 kí a tó fi báà àti ṣéènì sí i. Báà ni irin pẹlẹbẹ gbọọrọ tí ṣéènì ń yí lé lórí. Ínǹsì 16 ni mo ń lò. Fún igi ìdáná, n kò rí ìwọ̀n tó bá a mu ju èyí lọ. Ó lágbára tó láti wọ inú ìtì líle láìdákú, kò sì wúwo débi tí apá yóò fi kú kí oòrùn tó gbóná. Sípíríǹgì tó wà lábẹ́ ìdìmú rẹ̀ máa ń gba ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì kó tó dé ọwọ́. Ẹni tó bá ti lo ayùn àtijọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kú tipiri lálẹ́ yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Kò nílò kí n máa fi sukurudíráfà yí kabúrétọ̀ rẹ̀ kiri. Ó ń tún ara rẹ̀ ṣe bí ojú ọjọ́ bá yí tàbí tí fítà afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀tí. Èyí ni mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹjọ́ mi wà. Bí ètò yẹn bá dàrú, mẹkáníìkì tó mọ ayùn àtijọ́ dunjú lè máà rí nǹkan kan ṣe sí i, àfi ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó jìnnà sí irú wọn, kó ra èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí.

Ó kù sí ibi tí àkókò wa ń lọ. Ayùn kọ́ ló ń fà wá sẹ́yìn, ṣéènì tó kú ni. Ẹ wo ohun tó ń jáde lẹ́yìn ayùn nígbà tí ẹ bá ń gé igi. Bí ṣéènì bá mú, ẹ̀ẹ́rún tó nípọn ni yóò máa tú jáde, ayùn yóò sì máa fa ara rẹ̀ wọ inú igi. Bó bá ti kú, ìyẹ̀fun kúnná ni ẹ óò rí, ẹni tó mú un yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara tẹ̀ ẹ́, èéfín yóò máa yọ níbi tó ń gé, báà yóò sì gbóná. Ìṣẹ́jú tí ọmọ iṣẹ́ fi ń tẹ ayùn mọ́ igi lọ́nà yẹn, kì í ṣe ìṣẹ́jú tí ayùn kejì lè rà padà, torí pé ṣéènì ti ìyẹn náà yóò kú tó bá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyanrìn ló ń pa á jù, àti èèpo igi tí wọ́n ti wọ́ nínú ẹrẹ̀.

Ṣéènì .325 (ìwọ̀n ìdè rẹ̀ ní ínǹsì) ló wà lára tèmi, fáìlì rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 4.8. Ìgun dígírì 30 ni mo fi ń pọ́n ọn, láti inú eyín lọ síta, iye ìfà kan náà fún eyín kọ̀ọ̀kan. Bí eyín apá kan bá gùn ju ti èkejì lọ, ayùn yóò máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe ń lọ nínú igi, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì ní báà ló tẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni irin kékeré tó wà níwájú eyín, tó ń díwọ̀n bí eyín yóò ṣe jẹ igi tó. Ó yẹ kó rẹlẹ̀ ju eyín lọ ní nǹkan bíi mìlímítà 0.65. Bí a bá ń pọ́n eyín léraléra láìkàn án, ṣéènì yóò mú lójú, kò sì ní jẹ igi. Bí a bá sì fá a jù, ayùn yóò máa ta padà.

Nítorí náà, ṣéènì mélòó kan ni mo kọ́kọ́ rà. Èyí tó bá kú nínú oko, a yọ ọ́, a fi òmíràn sí i, a gbé èyí tó kú wálé lọ pọ́n nírọ̀lẹ́. Mo ra báà kan kún un, àti jíà kékeré tó ń fa ṣéènì. Jíà yẹn ló yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó fi ṣéènì tuntun sí i. Bó bá ti jẹ, yóò ba ṣéènì tuntun jẹ́ láìpẹ́.

Báà kejì yẹn wúlò ju bí mo ṣe rò lọ. Bí ìtì bá fún ayùn mọ́nú, tí wẹ́ẹ̀jì tí a fi ń ya ojú ibi tí a gé kò sì ràn án, a pa ẹ́ńjìnnì, a tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́, a fi báà àti ṣéènì sílẹ̀ nínú igi, a gbé ẹ́ńjìnnì kúrò. A wá fi báà kejì sí i láti gé èyí tó há náà jáde. Ìdí tí wọ́n máa ń sọ jù pé ó yẹ kí èèyàn ní ayùn méjì nìyẹn, báà kan sì kájú rẹ̀.

Ṣé ayùn kékeré ni ká wá rà ṣìkejì, fún ẹ̀ka? Mo wo Stihl MS 170. Ó jẹ́ 30.1 cc, ó fúyẹ́, ó dára lọ́wọ́ ẹni tó ń gé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣéènì rẹ̀ kì í ṣe ti 261, fáìlì rẹ̀ mìlímítà 4.0 ni, báà wọn kò sì bára mu. Epo nìkan ni wọ́n jọ ń mu, ọ́ìlì mìlílítà 100 sínú bẹntiróò lítà 5. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹ̀yà irú méjì dání lọ sínú igbó, kó rà á. Ti oníbátìrì kò ní wàhálà epo rárá, kò sì pariwo, àmọ́ lẹ́nu ìtì ńlá, bátìrì máa ń tán kí iṣẹ́ tó dé ìdajì. Ayùn 70 cc ńkọ́? Igi tí à ń gé kò sanra tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mú ayùn olówó pọ́ọ́kú kan wá, tí n kò ní dárúkọ. Ó dún dáadáa. Kò pẹ́ tí páńpù tó ń fún ṣéènì ní ọ́ìlì fi dákẹ́, etí báà yí padà di aláwọ̀ búlúù nítorí ooru, kò sì síbi tí a ti rí páńpù mìíràn tó bá a mu.

Àwọn tó ń pariwo ayùn púpọ̀ kì í ka ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ ìnáwó. Ayùn tó jókòó pẹ̀lú epo àpòpọ̀ nínú fún oṣù bíi mélòó kan, epo rẹ̀ yóò bàjẹ́, yóò sì dí kabúrétọ̀. Ayùn mẹ́ta, fítà mẹ́ta, pílọ́ọ̀gì mẹ́ta. Ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá sì gbé ayùn gbọ́dọ̀ ní akoto, ìbòtí, àti ṣòkòtò tí wọ́n fi ń dènà ṣéènì, kó sì mọ̀ pé igun òkè níwájú báà kò gbọdọ̀ kan igi, nítorí ibẹ̀ ni ayùn ti ń ta padà sójú èèyàn. Bí wọ́n bá ń bẹ́ igi lórí ìdúró, àlàfo tó wà láàárín ẹnìkan sí ẹnìkejì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì gígùn igi náà ó kéré tán. Nínú ibi tí àyè kò gbà, ayùn méjì kò lè jọ máa ké.

Ibi tí mo parí rẹ̀ sí: ọ̀kan péré ni mo máa rà, MS 261 mìíràn, kí ṣéènì, báà, fáìlì àti jíà lè máa ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹnì kejì wa tó ti mọ iṣẹ́ ni yóò máa lò ó. Owó ẹ̀kẹta, n kò ní fi ra ayùn. Ìtì tí a ti gé sílẹ̀ ló kún ilẹ̀ báyìí, àáké kò sì lè là á tán. Igi tí a kò bá là kì í tètè gbẹ, ó sì yẹ kí omi inú rẹ̀ ti wálẹ̀ sí ìdá 20 nínú 100 tàbí kó dín kí a tó sun ún. Ẹ̀rọ ìlagi ni mò ń béèrè iye rẹ̀ báyìí.